Bọ́tìnnì Yìí, Ibo Ló Ń Gbé? Ìtàn Àwọn Láíbúrárì Widget Nínú Èdè Java

Ẹnikẹ́ni tó bá ti forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí pọ́tàlì rí yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ẹ ti yan kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án, ẹ ti ka yúníìtì wọn, ó pé, ó ku kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Ẹ gbé fóònù sókè, ẹ gbé e lọ sójú fèrèsé, ẹ jókòó tì í títí ó fi padà dé. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ọ̀hún, ojú-ìwé sì dá yín lóhùn pé «Session expired». Kọ́ọ̀sì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti wọlẹ̀. Ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a sì ti bínú títí ó fi rẹ̀ wá. Nígbà tó yá tí àwa fúnra wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi Java kọ iṣẹ́ pùrójẹ́ẹ̀tì, a rí i pé ìbínú kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́, ìbéèrè ló ń fẹ́. Bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ yẹn, ibo ló ń gbé gan-an? Ṣé inú fóònù yín ni, àbí inú kọ̀ǹpútà kan tó wà ní ọ̀nà jíjìn? Ó dà bí ìbéèrè ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún tí àwọn tó ń kọ láíbúrárì widget ní èdè Java ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìtàn ìfàjà náà ni a fẹ́ sọ lónìí.

Kí ni widget?

Widget ni gbogbo ohun kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà tí a lè fọwọ́ kàn tí yóò sì dáhùn: bọ́tìnnì, àpótí tí a ń kọ orúkọ sí, àtẹ tí a fi ń to èsì ìdánwò, àkójọ tí a ti ń yan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 1924, George S. Kaufman àti Marc Connelly lò ó nínú eré orí ìtàgé wọn, Beggar on Horseback, fún ọjà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó jẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Project Athena ní MIT mú un lò fún bọ́tìnnì àti àpótí inú X Window, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní.

Widget kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìrísí rẹ̀, ohun tí ojú wa ń rí. Èkejì ni ìrántí rẹ̀: ṣé wọ́n ti fi àmì sí i, kí ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, kọ́ọ̀sì mélòó ni wọ́n ti yàn. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Nínú pùrógíráàmù tí a fi sínú kọ̀ǹpútà ara wa, ilé kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Ṣùgbọ́n lórí wẹ́ẹ̀bù, kọ̀ǹpútà méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀: búráúsà lọ́dọ̀ wa, sáfà lọ́hùn-ún, ọ̀nà gígùn sì wà láàárín wọn. Láíbúrárì widget fún wẹ́ẹ̀bù ni èyí tó ń jẹ́ kí ẹni tó ń kọ kóòdù lè ṣe bí ẹni pé ọ̀nà yẹn kò sí. Ibi tí láíbúrárì kọ̀ọ̀kan fi ọ̀nà náà pa mọ́ sí ló yà wọ́n sọ́tọ̀ síra wọn.

1995: kí gbogbo rẹ̀ máa gbé inú búráúsà

Ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1995 ni iléeṣẹ́ Sun Microsystems kéde Java. Oak ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, James Gosling sì ni aṣáájú àwọn tó ṣe é. Ohun tó jẹ́ kí ayé sáré wò ó ni applet, pùrógíráàmù kékeré tí ojú-ìwé lè fi ránṣẹ́ sí búráúsà kí ó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní àkókò náà ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù dà bí ìwé ìròyìn: à ń kà á, kò ń gbọ́ wa. Applet ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ojú-ìwé tó ń mì, tó ń ṣírò, tó sì ń dá wọn lóhùn.

Láíbúrárì widget àkọ́kọ́ tó bá Java wá ni AWT. Ohun tó ṣe kò díjú: bí a bá ní a fẹ́ bọ́tìnnì, yóò lọ bá Windows tàbí Macintosh tàbí Solaris pé kí wọ́n fún un ní bọ́tìnnì tiwọn. Nítorí náà, pùrógíráàmù kan náà ń rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tó bá sì wọ̀ ní ibì kan lè yọrí síta ní ibòmíràn. Swing ló wá tún un ṣe. Ó di ara Java pátápátá pẹ̀lú ẹ̀dà 1.2 ní oṣù Kejìlá 1998, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ya bọ́tìnnì rẹ̀ láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kọ́ Swing mọ adùn rẹ̀: JButton, JTable, JTree. Ẹ óò dá bọ́tìnnì, ẹ óò so ẹni tí yóò máa gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́ ọn, ó parí. A fẹ́ kí ẹ fi ọ̀nà ìkọ̀wé yìí sọ́kàn, nítorí gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e ló fẹ́ gbé e dé orí wẹ́ẹ̀bù.

Ìdáhùn applet sí ìbéèrè wa ni pé kí ìrísí, ìrántí àti iṣẹ́ máa gbé inú búráúsà pọ̀. Ó dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ wa gbogbo pùrógíráàmù náà wálé kí ó tó bẹ̀rẹ̀, lórí ìlà tẹlifóònù ìgbà yẹn. Java inú búráúsà ń pẹ́ kó tó jí, èyí tó wà nínú búráúsà kan kì í sì í bá tèkejì mu. Ní 1997, Sun gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀ràn Java tó yàtọ̀ sí tiwọn. Lẹ́yìn náà ni àlàfo ààbò tún ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Google Chrome ti ilẹ̀kùn mọ́ irú àfikún bẹ́ẹ̀ ní 2015, Java 9 tó jáde ní 2017 sì kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé applet mọ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọdún 1990 tó parí rárá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi Java ṣiṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ti kó ẹrù wọn kúrò nínú búráúsà. Sáfà ni wọ́n kó lọ.

Sáfà tí kì í rántí ẹni

Servlet dé ní 1997, JSP tẹ̀ lé e ní 1999. Pẹ̀lú méjèèjì yìí, sáfà ni Java ń gbé, HTML nìkan ló ń fi ránṣẹ́ sí búráúsà. Èyí yá ju applet lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí búráúsà gbogbo. Ìṣòro kan ló bá pàdé: HTTP, èdè tí búráúsà àti sáfà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kò ní ìrántí. Bí ẹ bá béèrè ojú-ìwé kan, sáfà á fún yín, á sì gbàgbé yín lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá tún padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, àlejò ni yín.

Ẹ ronú nípa ọ́sípítù ńlá. Dókítà kò lè rántí ojú gbogbo aláìsàn, nítorí náà wọ́n fún yín ní káàdì kékeré tó ní nọ́ńbà, fáìlì yín sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ bá gbé káàdì wá, wọn á fi nọ́ńbà wá fáìlì. Ohun tí Lou Montulli ṣe ní Netscape ní 1994 nìyẹn, káàdì yẹn ni à ń pè ní cookie. Nínú Java, JSESSIONID ni nọ́ńbà náà ń jẹ́, fáìlì tó wà lọ́dọ̀ sáfà ni session. Sáfà kò sì lè tọ́jú fáìlì ẹni tó ti lọ títí ayé, nítorí ó ń gba àyè nínú ìrántí rẹ̀. Lórí Tomcat, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Bí a kò bá gbúròó yín láàárín àkókò yẹn, wọ́n á da fáìlì nù. Káàdì ṣì wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n fáìlì ti lọ. «Session expired» kò ní ìtumọ̀ mìíràn.

Bí a ṣe ń kọ kóòdù nígbà náà tún le. Ẹni tó ti mọ Swing á wá máa pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ojú-ìwé ojú-ìwé, á máa so HTML pọ̀ bí ẹni ń rán aṣọ àjákù, gbogbo ojú-ìwé á sì tún ara rẹ̀ kọ láti òkè délẹ̀ nítorí pé ẹnìkan yí ọ̀rọ̀ kan padà. JButton di ohun ìrántí. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: kí ló dé tí a kò lè kọ wẹ́ẹ̀bù bí a ti ń kọ Swing?

Turku: bọ́tìnnì tó ń gbé sáfà

Àwọn kan ní ìlú Turku ní orílẹ̀-èdè Finland, nínú iléeṣẹ́ IT Mill tí Joonas Lehtinen wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, gbé ìdáhùn kan wá. Ní 2002 wọ́n tú láíbúrárì wọn tó ń jẹ́ Millstone síta, pẹ̀lú kóòdù rẹ̀, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Ẹni tó ń kọ kóòdù yóò dá bọ́tìnnì ní Java bí ẹni pé Swing ló ń kọ, láíbúrárì ni yóò sì wá ọ̀nà tí yóò fi sọ ọ́ di HTML. Ìrántí àti iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ sáfà pátápátá. Búráúsà kàn ń gba àwòrán ni.

Wọn kò dá wà. Howard Lewis Ship ti bẹ̀rẹ̀ Tapestry ní 2000, Jonathan Locke bẹ̀rẹ̀ Wicket ní 2004, JSF tí Sun fọwọ́ sí náà sì jáde ní 2004. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọkàn kan náà ni. Ohun tó ń dá gbogbo wọn dúró ni pé gbogbo títẹ̀ bọ́tìnnì túmọ̀ sí ojú-ìwé tuntun: ojú á funfun, ẹ óò dúró, àwòrán á tún padà wá.

Ohun tí yóò tú ìdè yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1999, Microsoft fi ohun kan sínú Internet Explorer 5 tó jẹ́ kí ojú-ìwé lè bá sáfà sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ láìpa ara rẹ̀ rẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kọbi ara sí i títí Gmail fi jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2004, tí Google Maps sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kejì 2005. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì náà, Jesse James Garrett sọ ọgbọ́n náà ní orúkọ: Ajax. Láti ìgbà náà, bí nǹkan kan bá yí padà lójú-ìwé, nǹkan yẹn nìkan la ó pààrọ̀. Bọ́tìnnì tó ń gbé sáfà wá lè ṣe bí ẹni tó wà nítòsí.

2006: Google ní kí a padà sínú búráúsà

Ajax dùn, ṣùgbọ́n JavaScript ni a fi ń kọ ọ́, JavaScript ọdún 2006 sì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ lórí Firefox, Internet Explorer 6 á kọ̀ ọ́. Ohun tí Internet Explorer bá gbà, Safari á ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Google gbé Google Web Toolkit jáde, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní GWT. Bruce Johnson àti Joel Webber ló pilẹ̀ rẹ̀. Èrò wọn ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ẹ máa kọ Java yín lọ, ẹ máa lo widget bí ti Swing, nígbà tí ẹ bá parí, kọ̀mpáílà wa yóò túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí JavaScript.

Èyí ni ìdáhùn applet tó padà wá nínú aṣọ mìíràn. Ìrísí, ìrántí àti iṣẹ́ padà sínú búráúsà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí Java kankan tí búráúsà ní láti gbé sára.

Nǹkan méjì wà nínú GWT tí àwa fẹ́ràn, tí a sì rò pé ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra dátà fi ẹ̀rù wọn bù wọ́n fún. Èkíní, GWT kì í kó wàhálà gbogbo búráúsà lé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣe fáìlì ọ̀tọ̀ fún búráúsà kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ fún èdè kọ̀ọ̀kan bí èdè bá ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó ń lo Firefox kò ní wa ọ̀rọ̀ tó kan Internet Explorer wálé. Orúkọ fáìlì náà tún wá láti inú ohun tó wà nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ohun inú rẹ̀ kò bá yí padà, orúkọ kò ní yí padà, búráúsà sì lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́ títí láìtún un wà. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó san owó dátà rẹ̀.

Èkejì ló jinlẹ̀ jù. Nígbà tí pùrógíráàmù GWT bá fẹ́ bá sáfà sọ̀rọ̀, kọ̀mpáílà kò ní gbà fún yín láti kọ ọ́ bí ẹni pé ìdáhùn á wá lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní láti fi ohun kan tó ń jẹ́ AsyncCallback sílẹ̀, ẹ sì ní láti kọ apá méjì sínú rẹ̀: onSuccess, bí ó bá yọrí, àti onFailure, bí ó bá kùnà. Bí ẹ kò bá kọ èkejì, kóòdù yín kò ní kọjá. Ẹ lè fi í sílẹ̀ lófìfo bí ẹ bá ya ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé ọ̀nà wà láàárín, pé ọ̀nà sì lè já. Àwọn láíbúrárì yòókù ń fi ọ̀nà náà pa mọ́. Ní ibi yìí, GWT kọ̀ láti pa á mọ́.

Ìgbéyàwó 2007

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí ìtàn yìí dùn. Àwọn ará Turku ti fi Ajax sínú láíbúrárì wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2007 wọ́n ń pè é ní IT Mill Toolkit, ẹ̀dà 4. JavaScript tí àwọn fúnra wọn kọ ni wọ́n fi ń ya widget, ó sì le láti fi widget tuntun kún un. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n da èyí tí wọ́n kọ nù, wọ́n gbé GWT sí ipò rẹ̀. GWT ń ya ìrísí nínú búráúsà, ìrántí àti iṣẹ́ ṣì jókòó sọ́dọ̀ sáfà. Àwọn méjì tí ìdáhùn wọn takora wá di tọkọtaya. Ẹ̀dà 5 jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 2009, ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ni wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Vaadin. Ní èdè Finland, abo ẹranko reindeer ni vaadin. Ó tún lè túmọ̀ sí «mo tẹnu mọ́ ọn».

Kí ló dára nínú kí iṣẹ́ máa gbé sáfà? Ààbò ni. Ẹ wo pọ́tàlì tó ń ṣírò owó ilé-ẹ̀kọ́. Bí ìṣirò náà bá wà nínú búráúsà, ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ san owó ni ó wà, ẹni tó bá gbọ́n díẹ̀ sì lè ṣí i wò, kó yí i padà. Nínú Vaadin, búráúsà kàn ń ròyìn pé «wọ́n tẹ bọ́tìnnì kẹta» ni. Sáfà ló mọ ohun tí bọ́tìnnì kẹta ń ṣe. Ẹni tó ń lo GWT gbọ́dọ̀ rántí láti tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dọ̀ sáfà. Ẹni tó ń lo Vaadin ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ni ó gbà? Ó gba ìrántí, nítorí sáfà gbọ́dọ̀ tọ́jú gbogbo widget gbogbo ẹni tó wọlé. Ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ̀rún fáìlì ni. Ó tún gba ìrìn-àjò. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ inú okùn fíbà sì ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀, bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́nà, jẹ́ ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá. Iyẹn kò tó nǹkan fún títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwa kì í ṣófo, bọ́tìnnì kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó kọ pùrógíráàmù náà nítòsí sáfà rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó jìnnà ló ń san owó ìrìn-àjò náà, a sì mọ ẹni tó sábà máa ń jìnnà.

Bẹljíọ̀mù: láíbúrárì tó ń wo ọwọ́ yín

Ní Bẹljíọ̀mù, iléeṣẹ́ Emweb gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Koen Deforche ló bẹ̀rẹ̀ Wt ní èdè C++ ní àkókò tí ariwo Ajax gbòde. Ó wo àwòkọ́ṣe Qt, láíbúrárì widget kan tó wá láti Norway, ó sì gbé ìlànà rẹ̀ wá sórí wẹ́ẹ̀bù. Nígbà tí àwọn tó ń lo Java náà fẹ́ ẹ, Emweb kò jókòó láti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Wọ́n lo irinṣẹ́ kan tó ń túmọ̀ kóòdù C++ náà sí Java, èyí tó jáde níbẹ̀ ni JWt. Bí Wt bá ní ohun tuntun, JWt á gbà á.

Bíi Vaadin, bọ́tìnnì Wt ń gbé sáfà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n méjì wà nínú rẹ̀ tó fi hàn pé wọ́n ronú nípa ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà. Bí búráúsà kò bá ní JavaScript, Wt kì í lé e padà. Á fún un ní HTML lásán, ohun kan náà á sì máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọgbọ́n kejì ni pé láíbúrárì lè kọ́ iṣẹ́. Bí bọ́tìnnì kan bá wà tó jẹ́ pé ohun kan náà ló ń ṣe nígbà gbogbo, bíi kí ó ṣí àpótí kan tàbí kí ó pa á dé, Wt lè wo àyípadà tí iṣẹ́ náà ń mú bá ojú-ìwé, kí ó sọ ọ́ di JavaScript, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí búráúsà. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ojú-ìwé á dáhùn láìdúró de ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí kò nílò ìrìn-àjò kò ní rin ìrìn-àjò.

Wt àti JWt kò gbajúmọ̀ tó GWT rí. Síbẹ̀ a kà wọ́n sí ara àwọn tó dáhùn ìbéèrè náà pẹ̀lú àròjinlẹ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 2009, Google ló ń lo GWT jù. Òun ni wọ́n fi kọ Google Wave tí wọ́n fi hàn aráyé ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Lákòókò kan náà, nínú Google kan náà, Miško Hevery wà lára àwọn tó ń fi GWT kọ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Google Feedback. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kóòdù wọn ti tó ìlà 17,000, ó sì ti sú u. Ó fọwọ́ sọ̀yà fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun lè fi láíbúrárì JavaScript kan tí òun ń fi ọwọ́ ọ̀sì ṣe tún gbogbo rẹ̀ kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà á. Ṣùgbọ́n ìlà 17,000 ti di 1,500. Láíbúrárì yẹn ni AngularJS, tó jáde fún gbogbo ènìyàn ní 2010. Facebook tẹ̀ lé e pẹ̀lú React ní 2013.

Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé ìdí tí wọ́n fi bí GWT ń kú lọ. Chrome ti dé ní 2008 pẹ̀lú ẹ́ńjìnì JavaScript tó yára, àwọn búráúsà sì ń fohùn ṣọ̀kan lọ́dọọdún. Ògbufọ̀ dára nígbà tí ará ìlú méjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, ògbufọ̀ di ẹni tó ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ní 2012, Google fi ìdarí GWT lé ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́, àwọn ará Vaadin sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2018, Vaadin 10 jáde, wọ́n sì yọ GWT kúrò lábẹ́ widget wọn, wọ́n fi ohun tí búráúsà fúnra rẹ̀ ti mọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìgbéyàwó 2007 tú ká. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì Vaadin kò kó kúrò nílé rẹ̀: ọ̀dọ̀ sáfà ló ṣì wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Abidjan. MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 ni ọ̀rọ̀ kàn, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ohun tí a ń tọrọ ní Nàìjíríà, Gánà, Benin àti ibòmíràn. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ibi tí bọ́tìnnì ń gbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì mọ́. Bọ́tìnnì tó ń gbé ní òkè òkun kò lè dáhùn. Èyí tó ń gbé inú búráúsà lè dáhùn ní ìwọ̀nba, bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti rántí onFailure.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún láíbúrárì tó ń fi bọ́tìnnì sọ́dọ̀ sáfà. Fún iṣẹ́ inú ọ́fíìsì kan, tí sáfà wà nínú ilé kan náà, tí ọ̀rọ̀ owó sì wà nínú rẹ̀, a kò mọ ohun tó rọrùn jù ú lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbọ́ Java. A kò sì sọ pé ohun gbogbo tó wà nínú búráúsà ló dára. Applet kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé kò sí láíbúrárì tó lè mú ọ̀nà tó wà láàárín kọ̀ǹpútà méjì kúrò. Ohun tó lè ṣe ni kí ó pa á mọ́ kúrò lójú ẹni tó ń kọ kóòdù, ẹni tó ń lò ó ni yóò sì pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá já.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń múra pùrójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, kí ẹ tó yan láíbúrárì nítorí pé àtẹ rẹ̀ rẹwà, ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yìí bi í. Ibo ni ìrísí ń gbé, ibo ni ìrántí ń gbé, ibo ni iṣẹ́ ń gbé? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ni ẹni tó ń lò ó yóò rí? Ohun tí ó ti kọ kó tó lọ ńkọ́, ta ló ń bá a tọ́jú rẹ̀? Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ń gbèjà pùrójẹ́ẹ̀tì lẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ sì ti fi Wicket tàbí JSF tàbí Vaadin jẹun rí, ẹ bá wa sọ tiyín. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ló kọ pọ́tàlì tí àwa ń bínú sí. A kò ní bínú sí yín mọ́. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí kọ́ọ̀sì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá padà dé.